Ilé la ti ń kó ọ̀rọ̀ ròde: Bí òbí àti olùkọ́ ṣe lè múra ọmọ sílẹ̀ fún ìwé kíkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Kí ọmọ tó lè fi pẹ́ńsùlù kọ ohunkóhun tó nítumọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí ohun tí kò sí lẹ́nu ọmọ kò lè jáde ní ìka rẹ̀.

Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti àwọn ìlú yòókù ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òbí tó ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ilé kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Èrò irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé èyí ni yóò jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tètè yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tako èrò náà.

Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú iṣẹ́ náà, àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ṣe ìrànwọ́ owó. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé ètò àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó sọ nípa iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1989. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990, ó sì di olóògbé lọ́dún 2010.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti rí. Ọmọ tó ti wo ìkòkò lórí iná, tó rí i pé omi tó hó ń di ooru, tí ooru náà sì tún ń di omi lára ọmọrí ìkòkò, ti mọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan. Tó bá dé ilé-ìwé, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nìkan ló kù fún un láti kọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ àlàyé náà ní èdè kankan yóò máa há ọ̀rọ̀ sórí lásán ni.

Inú iṣẹ́ ilé ni ọ̀rọ̀ wà

Òbí kò nílò owó púpọ̀ láti kó ọ̀rọ̀ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi iyán, oúnjẹ tí a fi mọ Èkìtì, ṣe àpẹẹrẹ. A ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó ṣàn án, a ó sè é, a ó sì gún un. Odó wà níbẹ̀, ọmọ odó wà níbẹ̀, kókó inú iyán náà lórúkọ. Ìyá tó bá ń dárúkọ ohun tó ń ṣe bó ti ń ṣe é ti kọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí àgbàlagbà fi kún un. Tó bá ní “bọ́ọ̀lù”, kí a dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù pupa náà ti yí sábẹ́ àga.” Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí ló dé” tàbí “báwo” sàn ju èyí tí ọmọ lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” dáhùn. Kí a pa àlọ́ fún un, kí a sì ní kí òun náà tún un pa. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ń wo òkè Olósùnta lójoojúmọ́ yẹ kó lè sọ ohun tó rí. Ó sì yẹ kí ọmọ Ìsẹ̀ gbọ́ nípa Olówẹ̀, agbẹ́gilére ìlú náà tó di olóògbé lọ́dún 1938, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní London báyìí.

“Ulé” kì í ṣe àṣìṣe

Ohun kan wà tí olùkọ́ ní agbègbè yìí gbọ́dọ̀ kíyè sí. Ọmọ Èkìtì máa ń gbọ́ “ulé”, “ugi” àti “uná” lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n “ilé”, “igi” àti “iná” ló wà nínú ìwé. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í fi fáwẹ̀lì “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní tirẹ̀ fàyè gbà á. Bí olùkọ́ bá na ọmọ tàbí tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ torí “ulé”, ọmọ náà lè pa ẹnu mọ́, ọmọ tó bá sì pa ẹnu mọ́ kò ní rí ọ̀rọ̀ kọ sílẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí olùkọ́ gbà á, kó sì sọ pé, “Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyí.”

Láti orí iyẹ̀pẹ̀ dé orí ìwé

Ọwọ́ náà nílò ìmúrasílẹ̀. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta tó ń fi èédú fa ilà sára ògiri ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ ni. Kí a fún un ní amọ̀ kó fi mọ nǹkan, kó ṣa ẹ̀wà, kó fi ìka yàwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń mú kí ìka gbó. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, nítorí orúkọ ẹni ni ọ̀rọ̀ tó máa ń wu ọmọ jù láti kọ.

Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó jẹ́ kí ó rọrùn láti kọ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n kí a má fojú fo àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu pè wọ́n, kó fi etí dá wọn mọ̀, kó tó kan ọwọ́.

Ọ̀nà mìíràn tó dára ni kí ọmọ sọ ìtàn, kí olùkọ́ tàbí òbí kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́, kó sì kà á padà fún un. Ọmọ náà yóò rí i pé ohun tí òun sọ lè dúró sórí ìwé. Kó yàwòrán sí i, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ òbí ló kù sí

Lọ́dún 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ṣe èdè ìkọ́ni ní jẹ́lé-ó-sinmi àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba fọwọ́ sí i pé kó di ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ní Àkúrẹ́, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì.

Ìkéde náà mú kí iṣẹ́ òbí pọ̀ sí i. Òfin kíláàsì kò dé ìdí ààrò, kò dé oko, kò sì dé ibi tí ìyá àgbà ti ń pa àlọ́ lálẹ́. Bí ọmọ bá ti ilé kó ọ̀rọ̀ tó pọ̀, yóò rí ohun tó fẹ́ kọ ní èdè yòówù tí ilé-ìwé bá fi kọ́ ọ. Èyí tí a bá dá lẹ́kun Yorùbá láìjẹ́ pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ nílé lè pàdánù méjèèjì.