Kí Ló Ń Ṣe Yín? Èdè Aláìsàn Lójú Fóònù

Ní ìlú New York, láàárín ọdún 2007 sí 2011, Dókítà Ethan Basch àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering kó aláìsàn 766 jọ, àwọn tí jẹjẹrẹ ti tàn kálẹ̀ lára wọn tí wọ́n sì ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn apá kìíní ń gba ìtọ́jú bí ìṣe: tó bá di ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá rántí. Àwọn apá kejì ń dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà nípa ohun méjìlá tó sábà máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí èébì, ìrora àti ikọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ń le sí i, ímeèlì á lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Basch ka àbájáde rẹ̀ ní Chicago lóṣù kẹfà ọdún 2017, ẹnu ya ọ̀pọ̀ dókítà: ìdajì àwọn apá kejì lò ju oṣù 31 lọ láyé, bẹ́ẹ̀ oṣù 26 ni ti apá kìíní. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Wọ́n bi wọ́n léèrè ni, ẹnì kan sì wà nídìí èsì wọn.

Bí a bá máa ṣe irú ètò yìí lórí fóònù fún ìyá tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, iṣẹ́ èdè ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà ti to irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ lórí nǹkan 78 tó lè máa ṣe aláìsàn. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ni kí a jókòó, kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ 78, kí a sì pè é ní èdè-ìperí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gbólóhùn ni Yorùbá fi ń ṣàìsàn. Orí ló ń fọ́ mi, inú ló ń run mí, ẹ̀yìn ló ń ro mí, ojú ló ń ta mí. Ẹ̀yà ara ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, èmi ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó bá sọ ọ́ di "orífífọ́: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́" ti gbé e kúrò lẹ́nu ẹni tó ni ín.

"Àmì àìsàn" gan-an, tí gbogbo ìwé ìlera ń lò, kò bá mi lára mu níbí. Èébì tí kímò fà kì í ṣe àmì jẹjẹrẹ, iṣẹ́ oògùn ni. Tí a bá ní kí ìyá kan sọ àmì àìsàn rẹ̀, ó lè fo èébì náà dá, pé ṣebí wọ́n ti sọ fún òun pé oògùn á ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ti ní ìbéèrè tiwa tó kó méjèèjì pọ̀: Kí ló ń ṣe yín? Ohun tó ń ṣe yín lè ti inú àrùn wá, ó lè ti inú abẹ́rẹ́ wá, ó sì lè jẹ́ ìrònú.

Ibà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí kímò ṣe ń pa jẹjẹrẹ náà ló ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á sì ni sẹ́ẹ̀lì yìí sábà máa ń dín kù jù. Bí ara ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n Celsius 38, ilé ìwòsàn ló kàn, lóru ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí àrùn kékeré lè gba ẹ̀mí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́nu Yorùbá ńkọ́? Ibà ni ara gbígbóná, ibà náà sì ni ohun tí ẹ̀fọn ń kó ranni. Ta ni ibà ò ṣe rí nínú wa? A mọ àgbo rẹ̀, a mọ oògùn rẹ̀ ní kẹ́míìsì, a mọ iye ọjọ́ tí a máa fi lò ó. Ẹni tó bá rí "Ṣé ẹ ní ibà?" lójú fóònù lè fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, kó mu àgbo rẹ̀, kó da aṣọ bora, kó sì gbà pé òun ti tọ́jú ara òun. Nítorí náà, èmi ò ní kọ ibà síbẹ̀ rárá. N ó kọ ọ́ báyìí: "Ṣé ara yín ń gbóná? Ṣé òtútù ń mú yín débi tí ẹ fi ń gbọ̀n?" Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: "Ẹ má lo oògùn ibà. Ẹ pe nọ́ọ̀sì nísinsìnyí."

Rírẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. "Ó rẹ̀ mí" ni ẹni tó ti oko dé ń wí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé "ó ń rẹ Bàbá", ẹ mọ̀ pé Bàbá ń ṣàìsàn. Ẹ wá bi ẹni tó ń gba kímò pé "Ṣé ó ń rẹ̀ yín?" Ó máa yà á lẹ́nu pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni àárẹ̀ tí oorun kò lè mú lọ, ká sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti sùn dáadáa?" A ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìwà wa. Aláìsàn tí wọ́n bá ní "Ara ń le?" a dáhùn pé "A dúpẹ́", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dìde. Ẹlòmíràn ò ní fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìlera, nítorí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kí fọ́ọ̀mù náà sọ fún un ní òkè pátápátá pé èyí kì í ṣe ìkíni, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an.

Lórí fóònù tí kò lámì ohùn, "eebi" àti "ebi" fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú ẹni tó ń kánjú, pàápàá torí pé àwọn kan ń kọ èébì ní "èbì". Gbólóhùn ló ń yọ wá: ebi ń pa mí, èébì ń gbé mi. Kò sẹ́ni tó máa ṣi èyí kà.

Oògùn kímò bíi paclitaxel àti oxaliplatin a máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Dókítà ní láti tètè mọ̀, kó lè dín oògùn kù. Pajápajá ni ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n pajápajá a máa lọ tí ẹ bá na ẹsẹ̀. Èyí kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká béèrè bóyá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ń kú, bóyá ó ń ṣe wọ́n bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, àti bóyá ó ṣòro láti de bọ́tìnì. Bọ́tìnì yẹn ló máa ń fi òótọ́ hàn.

Ibi tí àwọn atúmọ̀ èdè ti máa ń kọsẹ̀ jù ni òṣùwọ̀n. Ipele márùn-ún làwọn ará Amẹ́ríkà lò, láti orí "rárá" dé orí èyí tó le jù. Fún ti àárín, mo ti rí ẹni tó fẹ́ lo "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì". Háà! Ìwà rere ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Wọ́n máa ń fi yin ènìyàn ni. Ìrora wo ló níwà? Ohun tí ará ọjà ń sọ ni "ó pọ̀ díẹ̀", òun ni n ó sì fi sí àárín: kò sí rárá, díẹ̀ ni, ó pọ̀ díẹ̀, ó pọ̀ gan-an, kò ṣeé fara dà. Ní ti iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" àti "nígbà mìíràn" ń bá ara wọn du ipò, mi ò sì rò pé aláìsàn mẹ́wàá á to méjèèjì bákan náà. Iye ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ ètò náà fúnra rẹ̀ kò le. Jíjábọ̀ ara ti tó. Ohun tó ń lọ bá nọ́ọ̀sì, ìtanilólobó ni, kì í ṣe ìkìlọ̀, torí ẹni tó ṣẹ̀ la sábà máa ń kìlọ̀ fún. Kímò, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kímò. Kí orúkọ "jẹjẹrẹ" má sì máa yọjú lójú fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí orúkọ tí a fún àrùn kì í tètè kúrò lára: àrùn kògbóògùn là ń pe éèdì títí di òní, bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1996 ni oògùn tí wọ́n fi ń bá a gbé ti wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ kà á fún àwọn tó ń gba kímò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún un sọ fún yín. Èyí tí wọn ò bá lè tún sọ, ẹ yọ ọ́.