Ẹsẹ̀ Òsì Ọmọ Osóòrò

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí wa nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Tíṣà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bí ìka rẹ bá kan etí, o ti tó ilé-ìwé nìyẹn. Bí kò bá kàn án, padà sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tèmi kò kàn án. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ sóko lẹ́yìn Ìlútitun kí apá mi tó gùn tó. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ìtàn bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ sọ yìí, etí yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní Osóòrò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ ọba Rẹ́bùjà ni Osóòrò, nínú Ìkálẹ̀. Bí ènìyàn bá yà ní Òrè, tó kọrí sí ọ̀nà Òkìtìpupa, àárín ọ̀pẹ àti rọ́bà ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Rọ́bà yẹn ló kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù. Oje rẹ̀ máa ń gbẹ mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti kọ igi, á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. A ó fà á yọ, a ó máa wé e lé ara wọn, títí yóò fi tó orí ọmọ tuntun. Bọ́ọ̀lù náà le, ó wúwo, ó sì ń ta bí ohun tí orí rẹ̀ kò pé: o gbá a sọ́tùn-ún, ó ta sósì. Ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ lásán mú un dúró, kí wọ́n má wulẹ̀ kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù aláwọ.

Ọmọ kan wà nílé-ìwé wa tó ń mú un dúró bí ẹni mú ẹyẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀; ó wà láyé, kò sì fẹ́ ariwo. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Bí a bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn, tí a dì sínú lọ́rì pẹ̀lú púpurú àti ẹja wa, bàtà rẹ̀ á so kọ́ ọrùn. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí bọ́ọ̀lù ń sọ. Mo na án nítorí ọ̀rọ̀ bàtà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tó gbá góòlù mẹ́rin wọlé lọ́jọ́ kan ní Òkìtìpupa, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, n kò nà án mọ́.

Ní ayé ìgbà èwe mi, iṣẹ́ ni àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fi ń fa ọmọ. Iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn, WNDC, ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, èyí tó padà di IICC Shooting Stars. Ní Èkó, Israel Adebajo ní Stationery Stores, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ débi pé Adebajo Babes ni aráàlú sọ wọ́n. Ẹni tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá mú, wọ́n á fún un ní àga ní ọ́fíìsì, á máa gba owó oṣù, àmọ́ fáìlì tó máa fọwọ́ kàn láàárín oṣù kan kò ní pé mẹ́wàá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Muda Lawal ń kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbé e. Nígbà tí IICC na Tonnerre Yaoundé ní 1976, tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan gbà rí, ìdí rédíò ni gbogbo wa wà ní Ìlútitun, bí a ṣe ń pariwo la ń pa rédíò lẹ́nu mọ́, a kò sì gbọ́ bí ó ṣe parí àfìgbà tí ẹnì kan sáré wá láti ilé kejì.

Segun Odegbami ni mo máa ń fi bẹ àwọn bàbá. Wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ń sọ ọmọ di ìpátá. Èmi á ní, ẹ wo èyí tó ń gbá a fún Ìbàdàn, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn gbọ́. Bàbá ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì kò nílò kí n bẹ òun, òun gan-an ló le koko lórí ìwé.

Mo rántí ọjọ́ tí ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wá láti Ìbàdàn ní 1980. Mótò rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ilé-ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló tì í jáde. Èmi ló mú un lọ bá bàbá náà ní ibùdó rẹ̀ létí àbàtà, níbi tó ti ń ṣe ògógóró. Àlejò wa mú ọtí lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìgò síínáàpù aláràbarà kan nínú páálí. Bàbá wo ìgò, ó wo àwọn àgbá tirẹ̀ tó ń hó lórí iná, ó wo mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò sọ fún un ohun tí mo ń ṣe jẹun ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà dárúkọ iṣẹ́ àti yàrá n'Ìbàdàn, ẹ̀rín tán. Bàbá ní ó ku ọdún kan kí ọmọ òun ṣe ìdánwò WASC. Bó bá ṣe é tán, kí wọ́n padà wá, bó sì jẹ́ òòrùn ni wọ́n fẹ́ kó gbá, kó lọ gbá a. Wọn kò padà wá.

Mo bínú sí bàbá náà nígbà yẹn. Mo ti pa ìbínú náà tì, nítorí pé ọ̀nà mìíràn ti là nígbà náà tí ọmọ fi lè gba ẹsẹ̀ dé ìdí ìwé, ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Ní 1971, Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, borí Saint Louis, ó gba ife bọ́ọ̀lù gbogbo yunifásítì ilẹ̀ wọn. Ọmọ Trinidad ni kóòṣì wọn, Lincoln Phillips, ó sì kó ọmọ Áfíríkà àti ọmọ erékùṣù jọ. NCAA, tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì náà, gba ife yẹn padà. Wọ́n ní àwọn kan nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù jù nílé kí wọ́n tó dé. Howard pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé òfin tó de àjèjì nìkan. Kí ẹjọ́ tó parí pátápátá, Howard ti tún pàdé Saint Louis ní 1974, wọ́n fi àfikún àsìkò mẹ́rin gbá a, Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, ló gbá èyí tó sọ ọ́ di 2–1. Ní San Francisco, Andy Atuegbu tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Jos wà nínú àwọn tó gba ife ní 1975 àti 1976. Thompson Usiyen bá ikọ̀ wa lọ sí Òlíḿpíìkì Montreal ní 1976, Áfíríkà kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ New Zealand àti South Africa, bọ́ọ̀lù kankan kò ta. Lọ́dún kejì ó ti wà ní Appalachian State, lórí àwọn òkè North Carolina. Góòlù 109 ló gbá níbẹ̀ kó tó parí ní 1980. Kò tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Obed Ariri. Ọmọ Owerri. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló bá lọ sí Clemson ní South Carolina. Wọ́n rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára, wọ́n fà á wọ bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń fi orí kan ara wọn bí àgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bọ́ síta, kó gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, kó padà lọ jókòó. Donald Igwebuike tẹ̀ lé e lọ sí Clemson, ó bá wọn gba ife ńlá ní 1981, àwọn méjèèjì sì padà gba owó nídìí rẹ̀ ní Tampa Bay. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ó ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn, tí ènìyàn máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, tó máa jókòó fún wákàtí kan.

Báwo ni kóòṣì kan ní South Carolina ṣe ń mọ̀ pé ọmọ kan wà ní Nàìjíríà? Ẹnu ni. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ á sọ fún kóòṣì pé, mo ní àbúrò, mo ní ọmọ kíláàsì mi kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-ìwé kan fi ní ọ̀nà, tí àwọn yòókù kò ní. St. Finbarr's tí Fada Slattery dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1956, ọ̀nà tirẹ̀ fẹ̀. Godwin Odiye, tó ṣèèṣì fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé wa nígbà tí a pàdé Tunisia ní Sùúrùlérè ní November 12, 1977, ọmọ ibẹ̀ ni, òun náà sì lọ sí San Francisco. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Finbarr's dára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹsẹ̀ níbẹ̀ tó ju ẹsẹ̀ òsì kan tí mo mọ̀ lọ. Àwọn ní ẹni tó máa dárúkọ wọn ni.

Ní Osóòrò, àsìkò Kérésì nìkan ni ẹnu bẹ́ẹ̀ ń wọ ìlú. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Warri àti òkè òkun á wálé, àdúgbò á gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àdúgbò. Ní Kérésì 1980, ọmọ ìlú wa kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi létí pápá pẹ̀lú bíà lọ́wọ́. Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí, bíà náà ti gbóná, kò tíì mu ún tó ìdajì. Ó béèrè àdírẹ́sì ilé-ìwé, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá fún un.

Lẹ́tà náà dé ní June 1981, àpò ìwé tí etí rẹ̀ ní ìlà pupa àti búlúù. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Mo wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń múra àtilọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà n'Ìbàdàn, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta bàtà àti bọ́ọ̀lù sì ti máa ń fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí mi nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò, mo wọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lápò mi n'Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta.

Mo ṣí i ní September. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́. Owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ibùsùn, àwọn ló máa san án. Owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹbí wá a. Náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ nígbà yẹn. Ògógóró ìdajì ọdún á gbé e. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀. Kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di July 15.

Mo kọ èsì, mo bẹ̀ wọ́n. Ìlà méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ẹlòmíràn ti gba àyè náà. Mo gbé lẹ́tà méjèèjì lọ bá bàbá náà létí àbàtà. Kò bú mi. Ó kàn ń fi igi tọ́ iná, ó ń tọ́ ọ, títí mo fi dìde.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó ka fọ́ọ̀mù yẹn látòkè délẹ̀. Ó ń béèrè gbogbo ìdíje tí ọmọ ti kópa láti ìgbà tó ti pé ogún ọdún. NCAA ti ṣe òfin tuntun ní 1980: kò de àjèjì nìkan mọ́, gbogbo ayé ló dè, pé ọdún kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi gbá bọ́ọ̀lù ìdíje lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ọdún mẹ́rin tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì. Níbi tí ọmọ ti ń parí ilé-ìwé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, òfin náà kò ni í lára. Ẹ wá bá mi ṣírò ti Osóòrò. Ọwọ́ ọmọ yẹn kan etí ní 1967, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ní Modern School nítorí pé owó girama kò sí. Ọdún márùn-ún ní girama. Ọmọ ọdún méjìlélógún ló ṣe WASC. Bí mo bá tilẹ̀ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé, ọdún méjì ti lọ nínú mẹ́rin. Àwọn ènìyàn máa ń fi èyí tù mí nínú. Ọdún méjì tó kù ńkọ́?

Ọ̀nà náà kò pẹ́ kó tó dí. Ètò pàṣípààrọ̀ owó tí wọ́n ń pè ní SFEM dé ní 1986, náírà wó, owó ọkọ̀ òfuurufú di owó ilé. Jonathan Akpoborie, tó wà lára àwọn ọmọ wa tó gba ife àgbáyé àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sísàlẹ̀ ní China ní 1985, ṣì gba Brooklyn College lọ kó tó bọ́ sí Jámánì. Ṣùgbọ́n Stephen Keshi ti gba Abidjan dé Belgium, ó sì ti wà ní Anderlecht ní 1987. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ Osóòrò wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, kì í ya ilé-ìwé mọ́. Pápá ló ń lọ tààrà, kò sì béèrè tíṣà. Odegbami dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Wasimi láti so bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ìwé. Wasimi jìnnà sí wa.

Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo pupa, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, òun ló ń kó àwọn ọmọdé jọ ní pápá wa nírọ̀lẹ́. Kérésì tó kọjá, ó yà kí mi pẹ̀lú garawa eérú tó fi ń fa ìlà pápá, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Ó jókòó. Ó ní, "Tíṣà, lẹ́tà ọjọ́sí, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Láti 1981, kò bi mí rí. Mo gbé e wá. Ọmọ náà kà á fún un, ó ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń lọ, ó ń kọsẹ̀ níbi orúkọ àwọn ìlú. Bàbá àgbà tẹ́tí títí dé ìbuwọ́lùwé.

"Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ní kí n wá gbá," ó bi mí, "ti ẹsẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n ń gbé sáré?"

Ọmọ náà wo ìwé padà. "Soccer ni wọ́n kọ, bàbá."

"Ṣé ti ẹsẹ̀ nìyẹn, Tíṣà?"

"Ti ẹsẹ̀ ni."

Ó mi orí. Ó gbé garawa rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun kò sì tíì fa ìlà ojú góòlù.