Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Gígé Etí Fọ́tò: Àyẹ̀wò Ìtàn Fọ́tò Ìgboro Láàárín 1932 sí 1966

Ó ti di àṣà láàárín àwọn tó ń kọ́ni ní fọ́tò yíyà láti máa sọ pé ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í gé etí fọ́tò lẹ́yìn tó bá ti yà á tán. Henri Cartier-Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé (1908–2004), ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Òtítọ́ ni pé kò fẹ́ràn gígé, ó sì fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lójú fíìmù hàn nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, yóò hàn pé òfin yìí kò dá dúró. Ibi tí ẹsẹ̀ ayàwòrán bá lè dé ló gbé e ró.

Kámẹ́rà Leica, tó bọ́ sọ́jà ní ọdún 1925, ṣe é gbé rìn láàárín èrò. Ojú fíìmù rẹ̀ kò ju mìlímítà 24 sí 36 lọ. Ẹni tó bá gé ìdajì ìbú àti ìdajì òró rẹ̀ dànù, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù sí i lọ́wọ́, fọ́tò náà yóò sì hun bí iyanrìn nígbà tó bá sọ ọ́ di ńlá. Ìdí mìíràn tún wà tó ju èyí lọ. Bí ẹnì kan bá dúró ní mítà 1 sí kámẹ́rà, tí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ga dọ́gba sì wà ní mítà 5, ẹni ẹ̀yìn yóò hàn bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹni iwájú. Kí ayàwòrán fi mítà 4 sún sẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn yóò ju ìdajì ẹni iwájú lọ. Kò sí bí a ṣe lè gé fọ́tò kejì tí yóò fi di ti àkọ́kọ́. Gígé kì í yí ìwọ̀n ẹnì kan sí ẹnì kejì padà. Ibi tí a dúró sí nìkan ló ń ṣe é.

Síbẹ̀, fọ́tò tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ Cartier-Bresson, èyí tó yà ní ọdún 1932 lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, jẹ́ èyí tí a gé. Ọkùnrin kan ń fò lórí omi tó dárogún, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi. Àlàfo ọgbà onípákó ni ayàwòrán ti yọ lẹ́ńsì, àlàfo náà kò sì fẹ̀ tó. Pákó bo apá òsì fọ́tò náà. Ẹsẹ̀ kò ráyè sún, ni wọ́n bá gé e.

Ọ̀rọ̀ Walker Evans, ará Amẹ́ríkà, tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1938 sí 1941, ó ń yà àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú kóòtù, lẹ́ńsì ń yọjú láàárín bọ́tìnnì, okùn tó fi ń tẹ̀ ẹ́ gba inú apá ẹ̀wù wá sí ọwọ́ rẹ̀. Kò lè fi ojú wo inú kámẹ́rà, kò sì lè dìde sún mọ́ ẹni tó jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀. Àga ọkọ̀ ló pinnu ìjìnnà. Lẹ́yìn náà ló wá gé ọ̀pọ̀ fọ́tò wọ̀nyí títí ojú ènìyàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè.

(Ti William Klein yàtọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí New York tó jáde ní 1956, ó sún mọ́ èrò pẹ́kípẹ́kí, ó tún gé. Tirẹ̀ kì í ṣe àìráyè. Ó fẹ́ kí fọ́tò hun ni.)

Súnmọ́ra tí Evans fi gígé rí, àwọn tó yà kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí òun náà, ó sì wà lára ohun tó mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1966 ni 89 nínú wọn tó jáde nínú ìwé tó pè ní *Many Are Called*, nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn tó ti yà wọ́n tán.