Gbànjo Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Bí a bá gbọ́ igbe "Gbànjo! Gbànjo!" ní ọjà wa, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ẹni ni pé owó ọjà ti wálẹ̀. Gbànjo ti àwọn òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igbe bá ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni owó ń gòkè. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Bonhams lu kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní gbànjo ní ìlú New York, $905,000 ni wọ́n sì rà á. Bẹ́ẹ̀, $666.66 péré ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ọdún 1976. Apple-1 ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Steve Wozniak, tí òun àti Steve Jobs ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ tà ní California. (Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti tà á ni, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni ìbá bẹ ọlọ́jà pé kí ó jọ̀wọ́ gba $667, kí nọ́ńbà ẹranko inú ìwé Ìfihàn má baà bá àwọn délé.)

Kí ni wọ́n rà gan-an? Pátákó kan tí wọ́n to èròjà iná mànàmáná sí lórí ni. Kò ní àpótí, kò ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, kò sì ní ojú tí a fi ń wo iṣẹ́. Oníbàárà ni yóò wá wọn kún un, bí ẹni tí ó ra irin ọkọ́ tí yóò lọ gé ẹ̀rúkọ́ nínú igbó. Àwa tí a ń pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, kí ni à bá ti pe èyí? Ayára-bí-ahun ni èmi ìbá dábàá.

Nǹkan bí 200 ni wọ́n ṣe. Nígbà tí Apple II dé ní ọdún 1977, Wozniak nìkan ni ó lè dáhùn èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbéèrè àwọn tí ó ra ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ náà bá ní kí wọ́n máa dá a padà, kí wọ́n fi ṣe pààrọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà padà, wọ́n ń fọ́ ọ ni. Àwọn tí ó ṣe é ni ó pa á run. Olóríkunkun tí ó kọ̀ tí kò dá tirẹ̀ padà ni ó wá di olówó. Ẹ wo ZX81 tí Clive Sinclair gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1981 ní £69.95. Èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fi tirẹ̀ kọ́lé.

Àwọn kan yóò ní wèrè olówó ni èyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford, ní ìlú Dearborn, ni ó ra ti ọdún 2014 yẹn, tọmọdé tàgbà sì lè rí i níbẹ̀. Èmi ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí mo fi tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi, ₦500 ni mo gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù kiri, mo sì ń rẹ́rìn-ín pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà ìwádìí náà wà nínú díìsì pẹlẹbẹ méje, nínú àpótí mi, títí di òní. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti kú. Kò sì sí ẹ̀rọ kan ní ẹ̀ka wa tí ó ní ojú tí a lè ki díìsì wọ̀nyí bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta irú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́.