Onígìtá béèsì: Iṣẹ́ rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ àti ohun mẹ́ta tó yẹ kó ṣọ́

Lóde aríyá, gbogbo ayé ló máa ń mọ olórin. Wọ́n á mọ onígángan, wọ́n á sì náwó fún un. Ẹni tó dúró lẹ́yìn, tó gbé gìtá olókùn mẹ́rin kọ́rùn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, òun kọ́ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó á kọ́kọ́ dàrú, onílù á bojú wẹ̀yìn, àwọn èèyàn á sì mọ̀ pé nǹkan kan ti yọ kúrò nínú orin náà, bí wọn ò tiẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀.

Onígìtá béèsì nìyẹn. Àlàyé yìí dá lórí iṣẹ́ tó ń ṣe, irinṣẹ́ tó ń lò, àti ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ náà lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò bá ṣọ́ra: etí, ọwọ́ àti owó.

Kí ni gìtá béèsì?

Gìtá oníná ni, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń ní. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D àti G. Àwọn míì ní okùn karùn-ún, B, tó tún lọ sísàlẹ̀ ju E lọ. Okùn rẹ̀ gùn ju ti gìtá lásán: láti òkè ọrùn gìtá dé ibi tí okùn jókòó lé lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 34. Okùn E yìí máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé àyà lèèyàn fi ń gbọ́ béèsì, kì í ṣe etí nìkan.

Leo Fender, ará California l'Amẹ́ríkà, ló gbé Precision Bass jáde lọ́dún 1951. Ṣáájú ìgbà yẹn, béèsì onígi ńlá téèyàn ń dúró tì ni àwọn báńdì ń lò. Ó tóbi, gbígbé rẹ̀ nira, ìlù àti fèrè sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá tuntun náà ló jẹ́ kí wọ́n pè é ní Precision, torí wọ́n jẹ́ kí ìka bọ́ sórí ojúlówó ohùn láì ṣì í.

Ṣé béèsì wà nínú orin wa tẹ́lẹ̀?

Ó wà dáadáa. Àgídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àpótí igi ni, tí wọ́n kan ahọ́n irin mọ́ lójú, tí eléré ń gbé lé itan tàbí tó ń gbé kọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ àwo àpàlà Haruna Ishola á gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ ìlù. Olóògbé Fatai Rolling Dollar, tó kú lọ́dún 2013, wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ àgídìgbo. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni Ebenezer Obey ti ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bá gìtá béèsì náà mu. Ohùn díẹ̀ ni, tí wọ́n ń tún ta lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe?

Béèsì ló so ìlù pọ̀ mọ́ orin. Ẹsẹ̀ onídúrọ́ọ̀mù ni onígìtá béèsì ń ṣọ́, torí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà ló ń mú ohùn ìpìlẹ̀ dání, èyí tí olórin ń gbára lé kó má baà ṣìnà.

Nínú jùjú, orin kan lè má dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Láwọn ọdún 1970, àwọn àwo jùjú kan wà tó jẹ́ pé orin kan ló ń wọnú èkejì títí ojú kan àwo á fi tán. Onígìtá béèsì á máa ta gbólóhùn kan náà lọ, kò gbọ́dọ̀ yára, kò gbọ́dọ̀ falẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sú u. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tọ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Ẹni tó ń darí orin ìyìn lè kó sínú orin míì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kó gbé ohùn sókè lójijì. Onígìtá béèsì á máa wo ọwọ́ onikíbọ́ọ̀dù, á máa fi do-re-mi wá ibi tí wọ́n gbà lọ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í sábà ta púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń sọnù. Ní Detroit l'Amẹ́ríkà, James Jamerson ló ta béèsì nínú ọ̀pọ̀ orin Motown láwọn ọdún 1960, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta okùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo. Ọdún 1971 ló jáde lára àwo What's Going On ti Marvin Gaye. Ó kú lọ́dún 1983, ó sì di ọdún 2000 kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí Rock and Roll Hall of Fame.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí?

Ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ míì láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn kan jẹ́ tíṣà, àwọn kan ń tún fóònù ṣe, àwọn míì ń kọ́ ọmọdé ní gìtá. Ìdánrawò lè bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì lè jẹ́ àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé, òde aríyá. Ọjọ́ Àìkú, ìsìn àárọ̀. Ẹni tó kúrò lóde ní aago mẹ́rin ìdájí lè wà níwájú pẹpẹ ní aago mẹ́jọ.

Lórí ọ̀kadà tàbí nínú dánfó, ẹ̀yìn ni gìtá máa ń wà. Nǹkan bíi kílò mẹ́rin ni gìtá náà nìkan, ká má tíì sọ ti báàgì, wáyà àti aṣọ ẹgbẹ́. Orí gìtá yẹn máa ń ga ju orí ẹni tó gbé e lọ, ẹnu ọ̀nà dánfó ni wọ́n sì ti máa ń ṣe é léṣe jù.

Irinṣẹ́ wo ló yẹ kó ní?

Gìtá: Tọ́kùnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ọrùn rẹ̀ látòkè bí ìgbà téèyàn ń wo pákó bóyá ó tọ́. Ẹ ta gbogbo ojú ẹ̀, láti orí okùn kan dé èkejì. Ẹ yí àwọn bọ́tìnì rẹ̀ wò bóyá wọ́n ń ha.

Okùn: Okùn tuntun wọ́n, torí ẹ̀ làwọn onígìtá ṣe máa ń se èyí tó ti gbó nínú omi gbígbóná, kí òógùn àti ìdọ̀tí lè jáde. Lóòótọ́ ni ohùn rẹ̀ máa ń mọ́ sí i, ṣùgbọ́n fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa kó má dípẹtà.

Bátìrì: Àwọn gìtá kan ń lo bátìrì fóòtì 9 nínú. Tí wáyà bá ti wà lójú ihò gìtá, bátìrì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bí áńpù tiẹ̀ wà ní pípa. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà sójú ẹ̀ mọ́jú lè dóde kí gìtá má dún.

Áńpù: Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń jẹ agbára ju ohùn òkè lọ. Áńpù kékeré tó tó fún ilé ò ní gbọ́ ara ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ ra tọ́kùnbọ̀, ní Alábà tàbí níbòmíì, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Áńpù tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti fóòtì 120. Tí wọ́n bá kì í bọ fóòtì 230 tiwa láìsí tiransifọ́mà, ó máa jó.

DI: Àpótí kékeré kan nìyí tó ń gbé ohùn gìtá lọ sí míksà láìsí ariwo. Níbi tí áńpù ò bá sí, òun ni olùgbàlà.

Ọyẹ́ náà ní tiẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ igi ọrùn gìtá máa ń gbẹ, okùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha mọ́ irin, etí irin náà sì lè máa gé ìka. Tí òjò bá dé, igi á tún wú, okùn á ga sókè. Irin kan wà nínú ọrùn gìtá tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí láti tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí i.

Ọ̀rọ̀ iná àti jẹnẹrétọ̀

Ọ̀pọ̀ òde ló jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Tí I-better-pass-my-neighbour kan bá ń gbé áńpù, sípíkà àti fáànù pọ̀, iná á máa lọ sókè sódò. Kí onígìtá béèsì pa áńpù rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yí iná padà, kó sì tàn án lẹ́yìn tí iná bá ti dúró dáadáa.

Èyí tó léwu jù ni pọ́lọ́ọ̀gì tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sílẹ̀. Láìsí i, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí okùn gìtá, tó wá fẹnu kan máìkì, iná lè gbé e. Ó lè pa èèyàn. Tí gìtá bá ń hùn ṣáá, tí ohùn náà sì sún mọ́ ohùn G ìsàlẹ̀, iná 50 Hz tiwa ló ń wọlé. Kí wọ́n yẹ wáyà àti ojú iná wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Etí

Àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà sọ pé téèyàn bá wà nínú ariwo tó tó dẹ́síbẹ̀lì 85, kó má ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Tó bá fi 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹgbẹ́ eléré lè kọjá ìyẹn láìmọ̀, òde sì lè tó wákàtí márùn-ún.

Tí etí bá ń hó lẹ́yìn òde, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀, ohùn ló máa ń fi kún, onígìtá kejì á tún fi kún tiẹ̀. Ó sàn kó yí áńpù kọjú sí etí ara rẹ̀, kó jìnnà sí páńpẹ́ẹ́tì onídúrọ́ọ̀mù, kó sì lo ohun ìdí-etí tí wọ́n ṣe fún eléré. Etí tó bá ti bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò.

Ọwọ́

Níbẹ̀rẹ̀, ìka á lé ròrò, lẹ́yìn náà awọ rẹ̀ á yi. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni ìrora ọrùn ọwọ́ tàbí èjìká tí kì í lọ. Ẹ̀pẹ̀ líle ló sábà máa ń fà á: kí áńpù ṣe iṣẹ́ ohùn, kí ìka máa fọwọ́ kan okùn jẹ́jẹ́. Bẹ́líìtì fẹ̀ǹfẹ̀ á gba ẹrù lórí èjìká. Kéèyàn na ọwọ́ kó tó ta gìtá, kó sì sinmi tó bá ń dùn ún. Tí ìka bá ń kú tipiri, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, ó yẹ kí onígìtá béèsì mọ iye tí wọ́n máa san fún un, wákàtí mélòó ni òde náà, ta ló máa san owó ọkọ̀, àti bóyá owó tí wọ́n bá ná fún ẹgbẹ́ máa kàn án. Kó gba owó àsansílẹ̀, kí àdéhùn sì wà ní kíkọ, bó tiẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp. Àdéhùn ẹnu lásán máa ń yí padà lẹ́yìn àsè.

Owó tí wọ́n ń fọ́n lóde ò ṣe é gbára lé mọ́. Abala 21 nínú òfin CBN ti ọdún 2007 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fọ́n náírà tàbí kó máa jó lórí ẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ò ní dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ́ tó bá ti ń fi owó yẹn san owó àwọn eléré gbọ́dọ̀ béèrè owó tó pé látọ̀dọ̀ olóde láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olóde náà, tẹ́ ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ dúnàá-dúrà, ẹ rántí pé kì í ṣe olórin nìkan lẹ̀ ń sanwó fún. Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn náà ní ilé tó ń padà sí ní aago mẹ́rin ìdájí, tòun ti gìtá lẹ́yìn.