Láti Akéde Èkó dé YorubaName: Ìwé tí Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Kọ

Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, àwọn náà bá ń kọ̀wé ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Lẹ́tà sí olóòtú ti wà nínú ìwé ìròyìn Èkó tipẹ́. Thomas sọ ọ́ di ọ̀nà ìtàn àròsọ, àwọn ará ìlú sì bá a dá sí i. Ó di ìwé ní ọdún 1930.

Irú àfiwé bẹ́ẹ̀, kí á wo ohun tó wà ká fi dá òmíràn, ló bí àwọn ìkànnì ayélujára tí tonílé-tàlejò ń kọ. Ní ọdún 1995, Ward Cunningham ṣe wiki, ojú-ìwé tí ẹni tó ń kà á lè tún kọ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Nupedia sílẹ̀, wọ́n kó ìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé lódindi: ìpele àyẹ̀wò méje fún àyọkà kan. Iṣẹ́ náà falẹ̀ jọjọ. Nígbà tí wọ́n da ìlànà wiki pọ̀ mọ́ ìwé ìmọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, Wikipedia dé. Ti Yorùbá náà ti lé ní 30,000 àyọkà báyìí. Steve Coast wo Wikipedia, ó fi àwòṣe rẹ̀ ya máàpù ayé: OpenStreetMap, 2004.

Nílé wa, èyí tó wù mí jù ni YorubaName. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015 lẹ́yìn tí àwọn èèyàn dáwó jọ fún un. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ránṣẹ́. Wọ́n á tú u palẹ̀, bíi Olúwa-fún-mi-ní-ayọ̀, wọ́n á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti àgbègbè tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọn ò kó gbogbo ìṣe Wikipedia: àwọn onímọ̀ èdè ń yẹ orúkọ wò kó tó jáde, nítorí ẹni tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sí i.

Orúkọ àwọn òpópónà Sùúrùlérè ní Èkó ló yẹ kí àfiwé yìí kàn báyìí. Ní ọdún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn onílé lọ síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kọ̀ńdọ́ ń pariwo òpópónà Bọ̀dé Thomas ní Ojúẹlẹ́gba, àmọ́ èrò mélòó ló mọ̀ pé agbẹjọ́rò ni Bọ̀dé Thomas, pé ó ṣe mínísítà ètò ìrìnnà kó tó kú ní 1953? Adéníran Ògúnsànyà, òṣèlú ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà míì níbẹ̀, ṣì rẹ́ni rántí rẹ̀. Àwọn òpópónà kéékèèké ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹbí nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n fi sọ ọ́? Ẹ fi orúkọ òpópónà rọ́pò orúkọ ènìyàn lórí àwòṣe YorubaName. Kí ará àdúgbò kọ ohun tó mọ̀: ta ni, kí ló ṣe, kí ni òpópónà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹgbẹ́ onílé àti àwọn olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Èkó, Akọka, yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún 10 tó bá òbí rẹ̀ kó dé ní 1955 ti lé ní 80 báyìí. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.