Arìngbẹ̀rẹ̀ Lójú Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ. Asárétete kò róyè jẹ. Bí wọ́n bá pa òwe yìí, ọmọ oyè tó ti dá aṣọ ìwúyè kí àwọn afọbajẹ tó jókòó ni ọkàn wa máa ń lọ bá. Ṣùgbọ́n ìrìn ni àwọn àgbà fi ṣe àpèjúwe, nítorí náà ó tọ́ kí á gbé òwe náà lọ sójú títì. Arìngbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò dúró, kò sùn, ó ń lọ ni. Ohun tó fi ju asárétete lọ ni pé ó ń dé.

Lóṣù keje sí ìkẹjọ, àwọn òbí á kó ọmọ wọn láti Ìbàdàn àti Èkó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ìlú Òfìkì, ní Òkè-Ògùn. Ìgbà náà ni iṣu tuntun ń jáde, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti èédú lọ sílùú ńlá, tí èèyàn sì ń jókòó sórí ẹrù. Ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń tọ̀, òjò sì ń rọ̀.

Nígbà tí ọ̀nà yẹn bàjẹ́ láti Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kòtò ló ń dá dírẹ́bà lẹ́kun. Ní báyìí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Ṣèyí Mákindé ti tún kìlómítà 65 náà ṣe, ọ̀dà ń dán, ọwọ́ awakọ̀ nìkan ni ìjánu kù sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 49 gba ọ̀nà yẹn já. Ẹni tó bá ń sá 120 yóò lo bí 33. Èrè gbogbo eré náà kò ju ìṣẹ́jú 16 lọ! Bẹ́ẹ̀, bí màlúù bá yọ lójijì, ọkọ̀ tó ń sá 120 yóò rìn ju ìlọ́po méjì ibi tí ti 80 yóò rìn lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì, kó tó dúró. Lórí ọ̀dà tútù tàbí pẹ̀lú táyà tó ti jẹ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Wọlé Ṣóyínká ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, FRSC, sílẹ̀ lọ́dún 1988, Ṣóyínká náà ni alága àkọ́kọ́. Òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, àti 80 lójú ọ̀nà bí èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró sí gbogbo kọ́nà. Èrò inú ọkọ̀ ló kù. Mo fẹ́ kí ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lè sọ ọ́ sókè pé, “Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra,” kí àwọn tó kù sì gbè é lẹ́sẹ̀ dípò kí wọ́n ní ó ń bẹ̀rù jù.

Ti omi ńkọ́? Odò Òfìkì, tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, máa ń kún lásìkò òjò. Àgbàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lè gbé ọkọ̀ kékeré. Bí omi bá bo ọ̀nà, kí awakọ̀ dúró títí yóò fi fà. Kí kálukú sì tọ́jú 122, nọ́ńbà FRSC, sórí fóònù kó tó kúrò ní gáréèjì.